Nígbà Tí Eyín Náà Dákẹ́

Bí ẹ bá fi ìka kan kan eyín ìsàlẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ẹ ń tì í lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó dé ibi tí eyín ọmú parí sí. Lẹ́yìn ibẹ̀, erìgì lásán ló yẹ kó kù. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún kẹfà yẹn, ìka yín lè kan nǹkan líle kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la erìgì jáde, tí orí rẹ̀ gbòòrò, tí ó ní àwọn kòtò tóóró bí ilà àtẹ́lẹwọ́. Kò lé eyín kankan kúrò kó tó dé. Ọmọ kò sunkún, ẹ̀jẹ̀ kò jáde, ìyá kò mọ̀. Ó kàn gba ẹ̀yìn wọlé, ó jókòó síbẹ̀. Eyín àgbà ni. Òun ni ọmọ yóò fi lọ oúnjẹ títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, bí ó bá sì bàjẹ́, kò sí òmíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ eyín. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Osi. Kọ́pà kan tó gbé ilé wa nígbà kan rí ló fi ìwé ńlá kan sílẹ̀ nígbà tó ń lọ, ìwé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Mo ṣí i lọ́jọ́ kan tí òjò dá mi dúró sílé, àwòrán inú rẹ̀ sì mú mi lọ́kàn débi pé mi ò gbọ́ nígbà tí òjò dá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kà á, tí mo sì ń wo àwọn fídíò orí fóònù kún un. Tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ń rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn ni mo máa ń wò kí n tó mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àǹtí Eléyín ni wọ́n sọ mí, wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu wọn ni pé eyín ọdún kẹfà yìí ló ń bàjẹ́ jù, àti pé àwọn òbí kì í kà á sí. Mo wá ìdí rẹ̀ títí, mo sì rí i. Lọ́dọ̀ tiwa, bí eyín ọmọ bá yọ, a ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, ọmọ yóò kó o pọ̀ mọ́ eyín náà, yóò sì jù ú sórí òrùlé, kí èyí tuntun lè tètè hù. Ìyá ló ń bá ọmọ ka òkúta. Nítorí náà, gbogbo ìyá ló mọ eyín tí ọmọ òun ti pààrọ̀ àti èyí tí kò tíì pààrọ̀. Eyín tí a kò ju òkúta fún, eyín ọmú ni. Ìṣirò náà tọ̀nà fún gbogbo eyín iwájú. Eyín ọdún kẹfà ló kọ́kọ́ bọ́ sí ìta ìṣirò náà, torí pé kò sí eyín tó yọ kí òun tó hù. Bí ihò bá wá là sí i, ìyá á ní, ẹ jẹ́ kó máa dùn ún, yóò jábọ́.

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé mi. Ọmọbìnrin ni, kíláàsì mi ló wà, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní ìhà Oǹdó, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ìyá rẹ̀ ń gbin gbágùúdá, ó sì ń yan gàrí. Obìnrin tó múra síṣẹ́ ni, aláwàdà sì ni pẹ̀lú. Ìyàwó ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Àǹtí.

Ní ìsinmi ìgbà òjò, ìyá ọkọ rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì ti Àbújá wá sin òkú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan. Oṣù kan náà ni wọ́n bí ọmọ yìí àti tiwa. Ìyá àgbà tó kú máa ń sọ pé ìbejì ni wọ́n, pé ọ̀nà ló jìn tí wọ́n fi bọ́ sí inú ìyá méjì.

Lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé mi, wọ́n ń lá súìtì tí àlejò pín. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ẹnu wọn.

Ọmọ Àbújá bi mí pé, "Ṣé dókítà eyín ni yín, mà?"

"Rárá o. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Tiwa rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Eléyín ni wọ́n ń jẹ́!" Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo ní kí wọ́n kọjú sí oòrùn, kí wọ́n lanu. Eyín kan náà ni mo wò lẹ́nu àwọn méjèèjì, èyí tó wà lápá òsì nísàlẹ̀. Ti ọmọ Àbújá mọ́ tónítóní. Gbogbo kòtò orí rẹ̀ ni wọ́n ti fi nǹkan funfun dí, ó ń dán bí àwo. Mo ti rí àwòrán irú rẹ̀, n kò rí i lójúkojú rí. Mo tẹ̀ mọ́ ọn títí tí itọ́ fi fẹ́ dà sí mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Dókítà mi ló kùn ún. Kò dùn mí rárá. Wọ́n tiẹ̀ fún mi ní sítíkà."

"Dókítà ẹ?" Tiwa yí ojú sí i. "Ṣé ìwọ nìkan lo ni ín ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo wá wo ẹnu tiwa. Lórí eyín náà, ihò kan wà tí kò ju ibi tí abẹ́rẹ́ gún lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n yíká ihò náà, lábẹ́ èèpo eyín tó ṣì funfun, òjìji dúdú kan tàn kálẹ̀. Ẹni tó bá ti kó iṣu sí àká rí mọ irú rẹ̀: iṣu tí èèpo rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, tí ẹ tẹ̀, tí àtàǹpàkò yín sì rì wọlé.

Mo pe ìyá rẹ̀. Ó wá, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

"Ìyàwó, wo eyín ọmọ rẹ yìí. Ó ti ń jẹrà nínú."

"Àǹtí, ẹ tún ti dé o. Èwo nínú eyín?"

"Èyí. Eyín àgbà ni."

Ó tẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Eyín àgbà kẹ̀? Ìgbà wo la ju òkúta fún un? Ṣebí èmi ni mo ń bá a kà á. Èyí kò yọ rí, Àǹtí. Eyín ọmú ni. Ẹ jẹ́ kó jábọ́, kí tuntun wá gba ilé ẹ̀."

Mo ṣàlàyé. Mo fi ọ̀pá ya àgbọ̀n sórí ilẹ̀, mo to eyín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Àǹtí, ẹ mọ̀wé o. Àmọ́ èmi ni mo bí i." Ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní kí ọmọ náà lanu, ó fi iná fóònù wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ sí Ìlọrin kíá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́." Ohùn tó fi sọ ọ́, àfi bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìlọrin wà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ará ilé ti kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí kún ọkọ̀ wọn, ìyá ọmọ wa ló sì kó jù. Ọmọ Àbújá há sáàárín ẹrù lẹ́yìn, ó ń juwọ́ sí wa. Kò sí àyè tí ọmọ kejì ìbá jókòó sí, ká tiẹ̀ ní ẹnì kan rò ó.

Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé dáadáa. Mo ń kọ nǹkan sójú pátákó, mo yíjú, mo rí i tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́. Kò pẹ́ tí omi tútù di èèwọ̀ fún un, lẹ́yìn náà omi gbígbóná. Wọ́n ní kó fi omi iyọ̀ yọ́nu. Wọ́n fi kànáfùrù sí i. Bàbá àgbà kan mú aṣáà wá, ó ní kí wọ́n fi dí ihò náà, ọmọ náà sì bì. Ẹnì kan tún dábàá omi bátìrì ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lọ dúró.

Ìyá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fara balẹ̀ wò ó, ó fún un ní oògùn ìrora, ó sì sọ òótọ́ fún wọn: kò sí ẹni tó ń tọ́jú eyín ní Osi, kò sí ní Ìlọ́fà, kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò, kí wọ́n máa lọ sí Ìlọrin. Ìyá ní òun yóò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàṣe ti wà lóko lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń hú gbágùúdá rẹ̀. Gbágùúdá tí a ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá tètè bó o, kí ẹ rin ín, á dúdú nínú, iṣẹ́ ọdún kan gbé nìyẹn. Ó ní kí òun kọ́kọ́ ṣe é tán.

Àwọn obìnrin ìjọ ló kó o yọ, bí gbogbo wa ṣe rò ó. Ìjọ aláàdúrà ni tiwa. Wọ́n gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nítorí ọmọ náà, wọ́n ń wá sílé rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ìrora náà dúró. Kò dín kù díẹ̀díẹ̀ o. Ó dúró gidi. Ọmọ tó ti ń sunkún láti ìgbà pípẹ́ jẹ ẹ̀bà, ó sùn, ó jí, ó sì ń fo okùn níta.

Mo ti kà nípa rẹ̀. Nínú eyín, ẹran rírọ̀ kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, iṣan sì wà nínú rẹ̀. Òun ló ń ké. Bí ìjẹrà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ké títí. Bí ó bá kú, á dákẹ́. Lẹ́yìn tó bá dákẹ́, ìjẹrà náà kò dúró. Ọ̀nà ti là fún un, yóò gba inú gbòǹgbò eyín sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú egungun, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀, nítorí ẹni tó ń lu agogo ti kú.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ìyá rẹ̀ jẹ́rìí. Ó jó jáde nínú aṣọ funfun, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìrora, aṣáà, nọ́ọ̀sì tó ní àfi Ìlọrin. Ó ní, "Wọ́n ní Ìlọrin! Ọlọ́run ní níbí!" Ìjọ hó yèè. Obìnrin àgbà tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin bọ́ ẹ̀pà sí ọmọ náà lẹ́nu, ó ní kó fi apá òsì jẹ ẹ́. Ọmọ náà jẹ ẹ́. Gbogbo wa gbọ́ bí ẹ̀pà náà ṣe ń fọ́ lẹ́nu rẹ̀, torí pé ẹnì kan ti gbé maikirofóònù sí i lẹ́nu. Hallelúyà tó tẹ̀lé e, páànù òrùlé gbọ̀n.

Mo dúró de ìyá rẹ̀ lábẹ́ igi ìta.

"Ìyàwó, mo bá ọ dúpẹ́. Síbẹ̀, jọ̀ọ́, gbé e lọ sí Ìlọrin. Kí wọ́n kàn wò ó."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Àǹtí, lónìí náà? Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"Mo gbọ́."

"Bí mo bá gbé e lọ sí ọsibítù lọ́la, kí ni mo wá jẹ́rìí sí lónìí? Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè mí?"

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ẹ bá ti jẹ́ ẹ, ó ti di ti gbogbo ìjọ. Wọ́n tún sọ ti ọmọ yìí níbi ìsọjí ní Ìlọ́fà. Àwọn ìyá kan gbé ọmọ tiwọn wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ láṣọ. Ọmọ Ẹ̀rí ni àwọn kan ń pè é lójú pópó. Ẹni tó bá jẹ́rìí, tó sì tún padà gbé àìsàn kan náà lọ sí ibòmíràn, wọ́n á ní ó purọ́ níwájú pẹpẹ, tàbí pé ó sọ ìgbàgbọ́ nù lójú ọ̀nà. Obìnrin tó ń dá gbé, tó ń fi ọ̀wẹ̀ àwọn obìnrin ìjọ ṣoko, kò lè ru èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a gba ìsinmi Kérésì, ọmọ náà wá bá mi ní àkókò eré.

"Àǹtí, nǹkan kan máa ń tú sí mi lẹ́nu. Ó korò."

Mo wò ó. Lára erìgì, nísàlẹ̀ eyín náà, kókó kékeré kan ti hù bí hóró ọkà bàbà. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ọyún yọ.

"Ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, mà." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ má sọ fún màmá mi pé mo sọ fún yín. Wọ́n ní ẹni tí Ọlọ́run bá wò sàn kì í ráhùn."

Mo sọ fún ìyá rẹ̀. Kí ó tó dá mi lóhùn, ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti rí kókó náà kí èmi tó rí i. Ó ní omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni òun ń fún un ní ìdákọ́ńkọ́, pé ìkórè ìjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọn yóò sì pè jáde lọ́jọ́ náà. "Ẹ jẹ́ kí ìkórè kọjá, Àǹtí. Ẹ ṣàánú mi."

Ìkórè kọjá. Ọyẹ́ dé. Ilé ẹ̀kọ́ wọlé, àyè ọmọ náà sì ṣófo. Mo bi ìyá rẹ̀, ó ní ó lọ kí ìyá òun ní Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀.

"Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù?"

"Ẹ ṣáà gbà bẹ́ẹ̀." Kò gbé ojú sókè kúrò lára gàrí tó ń yan. Bí ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀ bá ṣàárẹ̀, ìta gbangba ni obìnrin yìí ti máa ń sọ ọ́. Pé ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo wà nínú kíláàsì, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Eérú ààrò ṣì wà lápá rẹ̀. "Àǹtí, ìyá mi pè. Wọ́n ní kò lè gbé itọ́ mì mọ́."

Mo bi í bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló wú. Ó ní ó ti kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti wá sábẹ́ àgbọ̀n, ọ̀tún àti òsì. Ṣé ó rọ̀ ni àbí ó le? Ó ní ìyá òun sọ pé ó le bí pákó. Ohùn rẹ̀ ńkọ́?

"Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé kọ́pà, nínú orí kan tí mi ò fẹ́ràn láti máa kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọyún eyín bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ahọ́n, á máa wú, á máa ti ahọ́n sókè àti sẹ́yìn, títí tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ yóò fi dí. Mo bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé kó bá mi wo àwọn ọmọ. Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì lọ sí Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, nínú eruku ọyẹ́ tí a kò fi rí igi tó wà níwájú.

Olórí àwọn obìnrin ìjọ àti ẹnì kejì rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ìyá ìyá ọmọ náà ló ránṣẹ́ sí wọn. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Awọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti pọ́n, ó ń dán, ọrùn rẹ̀ sì ti bá àgbọ̀n dọ́gba. Itọ́ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Tó bá mí, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń rin gbágùúdá lára páànù.

Mo ní, "Ẹ gbé e jókòó! Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀!" A gbé e jókòó, ariwo náà sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Obìnrin kejì bi mí pé, "Tíṣà, níbo lẹ fẹ́ gbé e lọ? A ti wà nínú ààwẹ̀. Ọmọ Ẹ̀rí ni. Bí ẹ bá gbé e jáde báyìí, ta ni yóò tún gba ẹ̀rí gbọ́ ní ìjọ wa?"

Olórí wọn ń wo ìyá ọmọ náà, èmi náà ń wò ó. Ó dúró ti ògiri, ó ń gbọ́ mímí ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ.

Ó kọjú sí olórí wọn, ó ní, "Ìyá, ẹ máa pè mí ní òpùrọ́. Ẹ sọ ọ́ lórí maikirofóònù bí mo ṣe sọ tèmi. Ọmọ mi ń wá afẹ́fẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Olórí àwọn obìnrin sún mọ́ wọn. Ó wá tú ọ̀já funfun tó fi di ìbàdí rẹ̀, ó ní, "Fi èyí dè é mọ́ra, kó lè máa nàró lórí ọ̀kadà." Òun fúnra rẹ̀ ló so ó.

Ní gáréèjì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó gun ọkọ̀, ó sì wakọ̀ láì dúró kó kún mọ́. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà sùn sí itan òun. Mo ní bó bá sùn sílẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á dí. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ tán nínú ọkọ̀, mímí náà nìkan la ń gbọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e sí àyà, mo dì í lórí mú. Mo ń wo kòtò tó wà láàárín egungun ọrùn rẹ̀, bó ṣe ń wọlé jìn sí i ní gbogbo ìgbà tó bá fa afẹ́fẹ́. A ti kọjá Òmù-Àrán nígbà tí fóònù ìyá dún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, láti Àbújá. Mo gbà á.

"Ẹ ti wà lọ́nà? Ó dára, ó dára. Ta ni dókítà ẹ̀?"

"Kò ní dókítà, sà."

Ní Ìlọrin, wọn kò ní ká jókòó. Dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó sì pariwo pe àwọn tó kù. Wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n là á lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n fa ọyún, wọ́n fi rọ́bà síbẹ̀ kí ìyókù lè máa jáde, wọ́n sì yọ eyín náà. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní ó yè. Ó ní bí a bá dúró di ọjọ́ kejì, òkú la ó gbé wá.

Mo bi í bóyá mo lè rí eyín náà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó lọ mú un wá nínú òwú. Mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Orí rẹ̀ ti di ihò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò méjèèjì gùn, wọ́n nípọn, wọ́n dá ṣáṣá bí ẹsẹ̀ àga tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Gbòǹgbò eyín ọmú máa ń yọ́ dànù kí eyín tó jábọ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tí a ń jù sórí òrùlé fi máa ń dà bí èèpo lásán. Ìyá ọmọ náà ti ju tó láti mọ̀. Ó gba eyín náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tọ gbòǹgbò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kì bá tí jábọ́ láéláé," ni ó wí.

Dókítà sọ fún wa pé eyín kejì rẹ̀, apá ọ̀tún, ti bẹ̀rẹ̀, pé ó ṣì ṣe é dí bí a bá tètè mú un padà wá. Ó béèrè pé, "Àwọn ọmọ tó kù níbi tí ẹ ti wá ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ń wo ẹnu wọn?" Ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya ló ń wo ẹnu wọn.

Nígbà tí wọ́n padà sí ìjọ, àpá náà hàn gbangba lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ náà. Ẹnikẹ́ni kò pe ìyá rẹ̀ ní òpùrọ́. Wọ́n kàn ń yí ọ̀rọ̀ padà bó bá dé. Ọ̀wẹ̀ oko dẹ́kun, òun nìkan ló ń dá bó gbágùúdá rẹ̀ báyìí. Ọmọ kò tún jẹ́ Ọmọ Ẹ̀rí mọ́. Olórí àwọn obìnrin nìkan ló ṣì ń yà sí wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ padà sí Ìlọrin nítorí eyín kejì, mo sìn wọ́n dé gáréèjì. Mo rò pé àwa mẹ́ta nìkan la ó wà níbẹ̀. Ìyá kan ti dúró, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ kan aṣọ ìyá yìí nígbà ìsọjí. Kò kí ìyá ọmọ wa. Èmi ló bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Tíṣà, ẹ bá mi wo ti eléyìí."

Mo tan iná fóònù. Eyín náà ni, ihò náà ni, òjìji náà ni. Mo ní kí wọ́n bá ọkọ̀ yìí lọ. Ó ní lónìí kọ́, pé òun kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹlòmíràn ti dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì, lẹ́yìn náà ìyá àgbà kan tó fa ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Mo ń wò, mo ń sọ ohun tí mo rí, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ sọ́nà ọkọ̀.

Awakọ̀ fun fèrè. Ìyá ọmọ wa wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó ti fèrèsé. Bọ́ọ̀sì náà gba ọ̀nà Òmù-Àrán lọ, ọmọ kan ṣoṣo ló gbé. Nígbà tí mo yíjú padà, àwọn ọmọ tó kù ti tò sílẹ̀ níwájú mi lábẹ́ oòrùn, wọ́n sì ti lanu kí n tó sọ pé kí wọ́n là á.